Ta Ni Ó Kọ́ Gbọ̀ngàn Màpó?

Ní sáà ẹ̀kọ́ tí ó kọjá, àwa kó àwọn akẹ́kọ̀ọ́ olùkọ́ni wa lọ gun Òkè Màpó. Ìrìn náà kò jìn púpọ̀. A gbéra ní Adégbàyí ní òwúrọ̀, a kọjá Mónátán, a kọjá Ìwó Róòdù àti Géètì, a dé Bẹẹrẹ, a sì sọ̀kalẹ̀ nínú ọkọ̀ ní ìsàlẹ̀ òkè kí a lè fi ẹsẹ̀ ara wa gùn ún, nítorí a gbà pé ẹni tí a bá fi ọkọ̀ gbé dé orí òkè kò ní mọ̀ pé òkè ni. Nígbà tí a dé orí àtẹ̀gùn ńlá tí ó wà níwájú gbọ̀ngàn náà, àwọn ọ̀dọ́ náà yí ojú ká, wọ́n rí òrùlé páànù tí ó ti pọ́n kalẹ̀ lọ́tùn-ún lósì títí ojú kò fi ríran mọ́, ẹnu sì yà wọ́n. Èyí tí ó pọ̀ jù nínú wọn ni kò dé ibẹ̀ rí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé abẹ́ Ìbàdàn ni a bí wọn sí.

Àwa bi wọ́n léèrè pé, "Ta ni ó kọ́ ilé yìí?" Ọ̀kan nínú wọn, ọmọ tí ó máa ń ka ìwé dáadáa, dáhùn kíákíá pé Ọ̀gbẹ́ni Robert Jones ni, òyìnbó ẹnjinníà tí àwọn ènìyàn ń pè ní Taffy. Òmíràn fi kún un pé Captain Ross ni ó ṣí i ní 1929. A yìn wọ́n. Ìdáhùn tí ó wà nínú ìwé ni wọ́n fún wa, ìdáhùn tí àwa pẹ̀lú fún olùkọ́ tiwa nígbà tí a wà ní kékeré. Ṣùgbọ́n bí a ti ń padà bọ̀ wá sí ilé, ọ̀rọ̀ náà kò fi wá lọ́kàn balẹ̀. Ọ̀gbẹ́ni Jones ya àwòrán ilé, ó sì dúró ti iṣẹ́. Àwa kò jiyàn èyí. Ṣé òun ni ó ru òkúta? Ṣé òun ni ó pọn omi tí a fi po sìmẹ́ńtì gun orí òkè yẹn? Ṣé owó oṣù rẹ̀ ni a fi ra irin àti páákó? Orúkọ méjì péré ni a fi ń kọ́ àwọn ọmọ ìlú tí ó tóbi tó Ìbàdàn nípa ilé tí gbogbo ìlú fi ṣe ojú, orúkọ méjèèjì sì jẹ́ ti àlejò. Ohun tí ó mú wa kọ ìwé yìí nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ sọ ohun tí ó dájú. Ní 1925 ni a bẹ̀rẹ̀ ilé náà. Ní oṣù kẹwàá 1929 ni Captain W. A. Ross, ẹni tí í ṣe Résídẹ́ńtì Ẹkùn Ọ̀yọ́, ṣí i. Àwọn òpó ńláńlá tí ó gbé iwájú rẹ̀ ró jẹ́ irú èyí tí àwọn ará Gíríìkì àti Róòmù àtijọ́ máa ń fi sí tẹ́mpìlì wọn, tí àwọn òyìnbó wá fi ṣe àṣà fún ilé ìjọba ní ibi gbogbo tí wọ́n bá tẹ̀ dó sí. Ìgbà Baálẹ̀ Oyèwọlé ni iṣẹ́ náà ń lọ lọ́wọ́. Ọ̀gbẹ́ni Jones yìí kan náà ni a sọ pé ó kọ́ ilé ìṣọ́ gogoro ti Òkè Ààrẹ ní 1936, ní ìrántí Captain Bower, òyìnbó tí ó kọ́kọ́ jẹ́ Résídẹ́ńtì ní Ìbàdàn.

Ibi tí ìtàn ilé-ìwé máa ń parí sí nìyí. Lójú tiwa, ibi tí ó yẹ kí ó ti bẹ̀rẹ̀ ni.

Ẹ rántí pé Ìbàdàn yàtọ̀ sí àwọn ìlú Yorùbá yòókù. Bí ènìyàn bá dé Ọ̀yọ́, yóò béèrè ààfin, a ó sì fi hàn án. Bí ó bá dé Ifẹ̀ tàbí Iléṣà tàbí Ìjẹ̀bú-Òde, bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́. Ibẹ̀ ni àwọn ọba wà láti ìrandíran. Ṣùgbọ́n àwọn jagunjagun tí ó tẹ Ìbàdàn dó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún kò kọ́ ààfin. Oyè Ìbàdàn kì í ṣe oyè ìdílé kan. Àkàbà ni, ìjòyè a máa gùn ún ní ìpele-ìpele, yálà ní ọwọ́ Ọ̀tún tàbí ní ọwọ́ Balógun, títí ẹ̀mí àti sùúrù yóò fi gbé e dé òkè. Ẹni tí ó bá sì dé òkè, ilé baba rẹ̀ ni ìlú yóò máa wọ́ lọ bá a. Ìjọba a wà ní ilé yìí lónìí, bí baba bá sì wàjà, ìjọba a kó lọ sí agbo-ilé mìíràn ní àdúgbò mìíràn. Ìdí nìyẹn tí àlejò fi lè gbé Ìbàdàn fún ogún ọdún kí ó má sì lè nawọ́ sí ibì kan pé, "Ibí yìí ni ilé gbogbo ará ìlú."

Ní 1893 ni àwọn ìjòyè wa fi ọwọ́ sí ìwé àdéhùn pẹ̀lú ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, ní 1897 ni a sì dá ìgbìmọ̀ ìlú sílẹ̀ ní abẹ́ Résídẹ́ńtì. Láti ìgbà náà lọ ni ìwé ti ń pọ̀, tí akọ̀wé ń pọ̀, tí ẹjọ́ ń pọ̀, tí owó tí a ń kà ń pọ̀. Agbo-ilé Baálẹ̀ kò lè gba gbogbo rẹ̀ mọ́. Nígbà tí ilé orí òkè náà parí, ó di ilé ìṣàkóso ní Ìbàdàn tí kì í ṣe ti agbo-ilé ẹnikẹ́ni. Ìdílé Olúyọ̀lé kò lè sọ pé tiwọn ni, bẹ́ẹ̀ ni ìdílé Ìbíkúnlé, Ògúnmọ́lá tàbí Látòósà kò lè sọ bẹ́ẹ̀. Ní èrò tiwa, èyí ju ẹwà òpó rẹ̀ lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá, ó sì yà wá lẹ́nu pé a kì í kọ́ àwọn ọmọ ní nǹkan kan nípa rẹ̀.

Ọ̀rọ̀ owó ńkọ́? Ìjọba òyìnbó kò gbé owó wá láti London wá fi ṣe rere fún wa. Ní ayé ìgbà náà owó orí ni ó ń kún àpótí ìṣúra ìlú, kòkó ni ó sì ń san owó orí. Láti ìparí ọ̀rúndún kọkàndínlógún ni àwọn ará Ìbàdàn ti ń gbin kòkó sí oko wọn ní ìhà Akànràn àti Ẹ̀gbẹ́dá àti káàkiri ilẹ̀ tí a ń pè lónìí ní Ọ̀nà-Àrà, Lágelú àti Akinyẹlé. Ìbàdàn tí ó ń ṣe ọjà ní Ọjà'ba àti Ìbàdàn tí ó ń ro oko ní Adégbàyí kì í ṣe ìlú méjì. Ọkùnrin kan náà ni ó ń sùn sí agbo-ilé ní ọjọ́ ọdún tí ó sì ń sùn sí abà ní ọjọ́ iṣẹ́. Nítorí náà, bí a bá ń béèrè ẹni tí ó kọ́ Màpó, àwọn baba wa tí ó sá kòkó sí orí ẹní, tí wọ́n sì rù ú wá sí ìlú ní ẹsẹ̀, ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ dárúkọ.

Àwa tí a ń ka Bíbélì kò yẹ kí a ṣàì ní àpẹẹrẹ. Nígbà tí Nehemáyà tún odi Jerúsálẹ́mù mọ, kò kọ sínú ìwé pé, "Èmi Nehemáyà ni mo mọ odi yìí," bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé òun ni gómìnà, tí ó sì gba àṣẹ ọba lọ́wọ́. Ó kọ orúkọ. Ní orí kẹta ìwé rẹ̀, ó to àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà lẹ́sẹẹsẹ, ẹnu ibodè dé ẹnu ibodè: àwọn alágbẹ̀dẹ wúrà, ẹni tí ó ń ṣe òróró olóòórùn dídùn, ìjòyè kan tí ó ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin, àwọn mìíràn tí wọ́n tún ibi tí ó kọjú sí ilé ara wọn ṣe. Kò gbàgbé láti kọ ọ́ pẹ̀lú pé àwọn ọlọ́lá Tékóà kò fi ọrùn wọn sí iṣẹ́ náà. Àwọn kan ń ka orí yẹn bí ohun tí kò ní adùn, nítorí orúkọ ni ó kún inú rẹ̀. Lójú tiwa, kò sí orí tí ó kàn wá jù ú lọ nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹ jẹ́ kí a wo àwọn aládùúgbò wa díẹ̀. Ní Èkó, ìlú etí òkun, ibi tí atẹ́gùn òkun ti ń fẹ́ sí ènìyàn lára ní ojú ọ̀nà Marina, gbọ̀ngàn kan wà tí a ń pè ní Glover. Ó ti wà láti 1887, ní ìrántí Sir John Glover, gómìnà tí ó kú ní 1885, tí àwọn ará Èkó fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀ tí wọ́n fi ń pè é ní Ọba Gòlóbà. Orúkọ òyìnbó ni ó ń jẹ́ títí di òní. Síbẹ̀, ẹ wo ohun tí ọmọ ènìyàn dúdú fi ṣe nínú rẹ̀! Níbẹ̀ ni a ti kọ́kọ́ fi àwòrán tí ń rìn han gbogbo ènìyàn ní ilẹ̀ wa, ní oṣù kẹjọ 1903, Herbert Macaulay sì wà lára àwọn tí ó ṣe ètò rẹ̀. Níbẹ̀ ni ọ̀dọ́mọkùnrin kan tí í ṣe ọlọ́pàá, Hubert Ògúndé, ti ṣe eré rẹ̀ àkọ́kọ́ ní oṣù kẹfà 1944, eré Ọgbà Édẹ́nì. Ní oṣù kẹjọ ọdún kan náà, ní abẹ́ òrùlé kan náà, ni Macaulay àti Azikiwe àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn pàdé tí wọ́n fi dá ẹgbẹ́ òṣèlú N.C.N.C. sílẹ̀. Ará Èkó tí ó bá mọ ìtàn yìí kò tún ní bẹ̀rù pé orúkọ Glover yóò gba ilé náà lọ́wọ́ òun.

Àwọn Ẹ̀gbá gba ọ̀nà mìíràn. Ní 1930 ni ìlú wọn pé ọgọ́rùn-ún ọdún tí a ti tẹ̀ ẹ́ dó lábẹ́ Olúmọ, gbọ̀ngàn tí ó wà ní Aké sì ń jẹ́ Gbọ̀ngàn Ọgọ́rùn-ún Ọdún. Kò sí gómìnà tàbí Résídẹ́ńtì nínú orúkọ yẹn. Ọjọ́ orí ara wọn ni wọ́n fi sọ ilé wọn. A jowú àwọn Ẹ̀gbá díẹ̀ ní ti èyí, a kò tijú láti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n àwa náà kò pàdánù tán, nítorí òkè tí ó ti wà kí òyìnbó tó dé ni ó fún ilé tiwa ní orúkọ. Ẹnikẹ́ni kò pè é ní Gbọ̀ngàn Ross. Màpó ni òkè, Màpó ni ilé.

Bí ó ti jẹ́ pé a dárúkọ Ross, ohun kan wà tí àwọn àgbà ìlú mọ̀ tí àwọn ọmọ kò mọ̀. Captain Ross fẹ́ràn Aláàfin Ládigbòlú, ó sì fẹ́ kí gbogbo Ìbàdàn máa sìn ní abẹ́ Ọ̀yọ́. Ní 1925 gan-an, ọdún tí a bẹ̀rẹ̀ Màpó, ni a rọ Baálẹ̀ Ṣítù, ọmọ Ààrẹ Látòósà, lóyè. Nítorí náà, kì í ṣe ní àkókò ìdùnnú ni a fi ìpìlẹ̀ ilé yìí lélẹ̀. Ní àkókò tí a ń tẹ ìlú lórí ba ni. Ẹni tí ó bá rí ilé ńlá náà tí ó ń ga sókè ní ọdún wọ̀nyẹn lè rò pé àga tí a ó fi jókòó lé Ìbàdàn lórí ni. Ross lọ ní 1931. Ní 1934 ni ìjọba yọ Ìbàdàn kúrò lábẹ́ Ọ̀yọ́, ní 1936 ni oyè Baálẹ̀ di Olúbàdàn ní ìgbà Ọba Òkúnọlá Abásì. Kò pé ọdún mẹ́wàá tí a ṣí ilé náà tí ìlú fi di olúwa ara rẹ̀. Bí ilé bá lè gbọ́ ọ̀rọ̀, ì bá ti gbọ́ ohun tí ẹni tí ó ṣí i kò rò tì rí.

Lẹ́yìn náà ni ọ̀rọ̀ ìbò dé. Ní 1954 Adégòkè Adélabú di alága ìgbìmọ̀ Àgbègbè Ìbàdàn, Màpó sì di ibi tí tálákà ń wá gbọ́ ọ̀rọ̀. Àwa kò ní sọ pé gbogbo ohun tí ó ṣe ni ó dára. Ìjọba yan Ọ̀gbẹ́ni Nicholson láti wádìí ìṣe ìgbìmọ̀ náà, nígbà tí ìwádìí sì jáde ní 1956, Adélabú kúrò ní ipò. Ní oṣù kẹta 1958 ni ọkọ̀ pa á lójú ọ̀nà, ìlú sì gbiná. Ohun tí a fẹ́ kí ẹ kíyèsí nìyí: kí Adélabú tó dé, àgbẹ̀ tí ó bá gun Màpó máa ń bọ́ fìlà ni, yóò dúró sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn títí akọ̀wé yóò fi rí àyè gbọ́ tirẹ̀. Ní ìgbà Adélabú, ó kọ́ láti jókòó. Ẹni tí ó bá ti jókòó nínú ilé kan rí, kò rọrùn láti sọ fún un mọ́ pé kì í ṣe ilé rẹ̀.

Èyí ni ó mú wa dé ọdún tí a kò fẹ́ràn láti máa sọ nípa rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá 1968, àwọn àgbẹ̀ láti Akànràn, láti Ẹ̀gbẹ́dá àti láti àwọn abà yí wa ká, wọ́ wá sí Màpó. Owó orí ti pọ̀ jù fún wọn. Owó kòkó kò tó nǹkan. Àwọn agbowó-orí ń wọ inú ilé wọn, wọ́n ń kó wọn ní ẹrù, wọ́n sì ń fi àbùkù kàn wọ́n lójú aya àti ọmọ. Àwọn àgbẹ̀ sọ pé ọgbọ̀n ṣílè ni àwọn ó máa san, èyí tí àwọn arúgbó ń pè ní ọ̀kẹ́ mẹ́fà. (Ẹ̀yin ọmọdé òde òní, ọ̀kẹ́ kan jẹ́ ọ̀kẹ́ owó ẹyọ, ṣílè márùn-ún ni a sì ń ka owó rẹ̀ sí.) Ọjọ́ náà kò parí ní àlàáfíà. Ẹ̀mí ṣòfò. Ìjọba gbé ìgbìmọ̀ Adájọ́ Ayọ̀ọlá dìde láti wádìí rẹ̀, ṣùgbọ́n ìjà Àgbẹ̀kọ̀yà kò dáwọ́ dúró. Ní oṣù kẹsàn-án 1969 ni wọ́n fọ́ ọgbà ẹ̀wọ̀n Agodi, tí wọ́n tú àwọn ènìyàn wọn sílẹ̀. Ní oṣù kẹwàá ni Olóyè Awólọ́wọ̀ lọ bá wọn sọ̀rọ̀ ní Akànràn, níbi tí Táfà Adéoyè wà, a sì mú owó orí wálẹ̀ sí pọ́ùn méjì.

Kí ni ó dé tí ó fi jẹ́ Màpó ni wọ́n lọ? Wọn ì bá ti lọ sí Agodi, níbi tí gómìnà wà, nítorí ìjọba Ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn ni ó ni agbára tòótọ́ nígbà náà. Àwa bi àgbàlagbà kan ní abà rẹ̀ ní tòsí ibí yìí léèrè ní ọdún díẹ̀ sẹ́yìn, ẹni tí ó jẹ́ ọ̀dọ́ nígbà tí ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. Ó wò wá bí ẹni tí ó ń wo ọmọ tí kò gbọ́n. Ó ní, "Tísà, ṣé bí ibi tí a gbé owó sí ni a ó ti lọ béèrè owó." A ti ka ìwé púpọ̀ lórí ìjà Àgbẹ̀kọ̀yà, ṣùgbọ́n gbólóhùn kan yẹn ṣe wá ní àǹfààní ju ìwé lọ. Àwọn tí ń ju òkúta sí Màpó ní ọdún yẹn kò ṣe bí ẹni tí ó kórìíra ilé àlejò. Wọ́n ṣe bí onílé tí a tì mọ́ ìta.

A mọ̀ pé àwọn kan wà nínú ẹgbẹ́ wa yìí, ènìyàn pàtàkì tí a bọ̀wọ̀ fún, tí wọ́n ń sọ pé ilé òyìnbó ni Màpó, pé òpó Gíríìkì kò bá ilẹ̀ Yorùbá mu, pé bí a bá fẹ́ràn àṣà wa ní tòótọ́, kí a jẹ́ kí ó wó kí a sì kọ́ èyí tí ó ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti òpó gbígbẹ́. A ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí ní ìpàdé ju ẹ̀ẹ̀kan lọ. A kò gbà. Ẹ̀rọ ìránṣọ kì í ṣe ti baba wa, síbẹ̀ òun ni a fi ń rán agbádá. Ohun tí a fi owó àti òógùn àti ẹ̀jẹ̀ ra kì í ṣe ti ẹni tí ó yà á sórí ìwé. Bí a bá wó Màpó, a ó wó ẹ̀rí owó àwọn baba wa, àwọn tí yóò sì jèrè rẹ̀ ni àwọn tí ó fẹ́ kí a gbàgbé pé a san nǹkan kan.

Ilé náà kò tilẹ̀ ti í wó, a dúpẹ́. Ní ìgbà tí Rashidi Ládọjà ń ṣe gómìnà láàárín 2003 àti 2007, ó tún un ṣe gidigidi. Láàárín ọdún díẹ̀ sí ìsinsìnyí a ti fi Olúbàdàn jẹ níbẹ̀ léraléra: Ọba Sàlíù Adétúnjí ní 2016, Ọba Lékan Balógun ní 2022, Ọba Ọlákúlẹ́hìn ní 2024. Ní ọjọ́ 26 oṣù kẹsàn-án 2025, Ládọjà tí ó tún ilé ṣe ni a dé ládé níbẹ̀, Olúbàdàn kẹrìnlélógójì. Inú wa dùn ní ọjọ́ wọ̀nyẹn. Ṣùgbọ́n láàárín ọjọ́ ìwúyè kan sí èkejì, kí ni à ń fi Màpó ṣe? Ìjọba ìbílẹ̀ Gúúsù-Ìlà-Oòrùn Ìbàdàn fi ibẹ̀ ṣe ibùjókòó, a sì ń yá gbọ̀ngàn náà fún ìgbéyàwó àti òkú àgbà. A kò lòdì sí ìgbéyàwó. Àwa fúnra wa ti so ọ̀pọ̀ tọkọtaya pọ̀. Ohun tí ó ń dùn wá ni pé mẹ́ńbà ìdílé kan ní Adégbàyí lè lọ jẹ ìrẹsì ní Màpó ní ẹ̀ẹ̀márùn-ún kí ó sì padà wá láìmọ̀ pé baba baba òun lọ́wọ́ sí ògiri tí òun fẹ̀yìn tì.

Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún kò le. Lọ́dọ̀ Olúbàdàn àti ìgbìmọ̀ rẹ̀, a ń bẹ̀bẹ̀ pé kí a ya yàrá kan sọ́tọ̀ nínú ilé náà fún ìwé àti àwòrán, kí a sì kọ́ àwọn orúkọ sí ara ògiri rẹ̀: orúkọ àwọn abà àti ìletò tí ó san owó, ní ẹkùn-ẹkùn, àti orúkọ àwọn tí ó kú ní 1968, ìhà yòówù kí wọ́n wà nínú ìjà náà. Lọ́dọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà tí ó wà ní ẹ̀yìn odi Ìbàdàn, a ń bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n máa gbé ìpàdé gbogbogbòò kan lọ sí Màpó lọ́dọọdún, kí àgbẹ̀ tún lè jókòó níbẹ̀ láìsí pé ó san owó àyè.

Ọ̀rọ̀ kan ṣì kù tí ó kàn wá ní ilé. Àwa ní Adégbàyí kò ní gbọ̀ngàn. Nígbà tí a bá fẹ́ ṣe ìpàdé, ọgbà ilé-ìwé ni a máa ń lọ, tàbí ọgbà ṣọ́ọ̀ṣì, tàbí iwájú mọ́ṣáláṣí, ó sì di ọ̀ràn ẹni tí ó gbà wá ní àlejò. Ìran tí ó ṣáájú wa rí ilẹ̀ yìí ní oko; àwa ń rí i ní ilé àti ṣọ́ọ̀bù, lẹ́bàá ojú ọ̀nà Ifẹ̀ ní ọ̀tún àti ní òsì. Ẹ̀yin baálẹ̀ àti ẹ̀yin mógàjí tí ilẹ̀ wà ní ìkáwọ́ yín, ẹ ń tà á ní ẹyọ-ẹyọ, a kò dá yín lẹ́bi, ọmọ gbọdọ̀ jẹun, a sì gbọdọ̀ san owó ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n ẹ ya ẹyọ kan sọ́tọ̀. Kò níláti tóbi. Kò níláti ní òpó Gíríìkì. Kí ó ṣáà jẹ́ ibi tí Mùsùlùmí àti Onígbàgbọ́ àti oníṣẹ̀ṣe yóò ti jókòó tí ẹnikẹ́ni kì yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni pé ó gba òun láyè. Bí ẹ bá dúró di ọdún mẹ́wàá sí i, ẹ óò máa wá a rà lọ́wọ́ ẹni tí ẹ tà á fún.

Nígbà ìsinmi tí ń bọ̀, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa tí ó gun òkè náà pẹ̀lú wa yóò máa lọ káàkiri abà pẹ̀lú ìwé àti lẹ́ẹ̀dì, láti Ẹ̀gbẹ́dá títí dé ìhà Akànràn àti Láàlúpọn. Bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn yín, ẹ fún wọn ní àpótí kí wọ́n jókòó. Wọn kò ní béèrè owó. Wọn yóò béèrè orúkọ baba ńlá yín, ohun tí ó gbìn, iye tí ó san, àti bóyá ó sọ fún ẹnikẹ́ni nínú ilé rí pé òun ru nǹkan gun Màpó. Àwọn tí ó ti di arúgbó ni kí ẹ kọ́kọ́ mú jáde fún wọn, ní òwúrọ̀, kí oòrùn tó mú.